Oore Tí A Ṣe fún Ẹyẹ Igbó

Ibi kíkà: Mátíù 6:25–30, Mátíù 10:29–31, Lúùkù 12:6–7, Òwe 12:10

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé oore tí a ṣe fún adìẹ kò gbé. Bó pẹ́ títí, yóò ṣe omi tooro sí ni lẹ́nu. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó ń da àgbàdo fún adìẹ rẹ̀ ní àràárọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Ọdún Kérésì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa oore tí a ṣe fún ẹyẹ tí kì í ṣe tiwa, tí kò sùn lábẹ́ òrùlé wa, tí a kò ní pa jẹ, tí kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ wa láéláé? Ṣé oore ni, tàbí ìfiṣòfò? Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ wa dá lé nìyẹn. Kí ó má bàa di ọ̀rọ̀ inú afẹ́fẹ́ lásán, ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí ibi tí ó ti le jù lọ, èyíinì ni Ìlú Ọba ní ìgbà òtútù, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé nísinsìnyí.

Ẹni tí ó bá rò pé bí ọyẹ́ ni òtútù ibẹ̀ ṣe rí kò tíì rí nǹkan. Ní oṣù Kejìlá, ní London, ojúmọ́ kì í gùn ju bí wákàtí 8 lọ. Òru ni wákàtí 16 yòókù. Nígbà tí òjò dídì bá bo ilẹ̀, ekòló a wọ inú ilẹ̀ lọ, kòkòrò a di àwátì, èso igi a tán, omi inú kòtò a sì le bí òkúta. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní blue tit. Àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, orí rẹ̀ sì ní àwọ̀ aró. Gbogbo ara rẹ̀, tìyẹ́-tìyẹ́, kò wọ̀n ju bí gíráàmù 11 lọ, bí ẹni pé a kó horo ṣúgà mẹ́ta sí ọwọ́. Inú wákàtí 8 yẹn ni ẹyẹ yìí gbọ́dọ̀ ti rí oúnjẹ tí yóò fi dáná sí ara rẹ̀ fún wákàtí 16. Ní òru kan ṣoṣo tí òtútù bá mú gan-an, ó lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: kí ọkùnrin tí ó wọ̀n kílò 70 sùn lálẹ́, kí ó jí ní kílò 63, kí ilẹ̀ sì mọ́ kí ó má tíì mọ ibi tí òun yóò ti rí oúnjẹ àárọ̀.

Àwọn tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1963 kò lè gbàgbé òtútù ọdún náà. Òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní London ní ọjọ́ kejì Kérésì ọdún 1962, kò sì kúrò nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 1963. Láti ọdún 1740 ni irú rẹ̀ kò ti sí ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí a bá pín òtútù gbogbo oṣù Kìíní ọdún náà dọ́gba, ó jẹ́ dígírì Sẹ́ṣíọ́sì 2 sísàlẹ̀ òdo, tọ̀sán-tòru. Gbogbo ìlú dà bí ohun tí a kó sínú fìríìsà. Odò dì. Etí òkun pàápàá dì ní Herne Bay. Àwọn ẹyẹ sì kú bẹẹrẹ. Ẹyẹ wren, tí ó kéré ju ọmọ ológoṣẹ́ lọ tí ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ju ìdajì wọn lọ ni ó ṣègbé. Ẹyẹ kingfisher tí ń pẹja jẹ kò rí ojú omi tí yóò gbà dé ibi tí ẹja wà.

Níbí ni ẹnì kan nínú kíláàsì yóò ti na ọwọ́ sókè, ó sì yẹ kí ó nà án. Yóò ní, “Ẹ forí jì mí, Olùkọ́. Ṣé kì í ṣe Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa pé Baba ń bọ́ àwọn ẹyẹ tí kò gbìn tí kò sì kórè? Báwo ni ebi ṣe wá pa wọ́n kú?” Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ má sì ṣe sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré.

Ẹ jẹ́ kí a ka orí kẹwàá ìwé Mátíù pọ̀ mọ́ orí kẹfà. Ní orí kẹwàá, Jésù kò sọ pé ológoṣẹ́ kì í ṣubú. Ohun tí ó sọ ni pé kò sí èyí tí ń ṣubú lẹ́yìn Baba. Ó mọ̀ pé wọ́n ń ṣubú. Ó mọ̀ pé wọ́n ń tà wọ́n lọ́jà fún àwọn tálákà láti jẹ, ó tilẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Ẹ ṣe ìṣirò náà: nínú Mátíù, owó kékeré kan ni a fi ń ra méjì. Nínú Lúùkù, owó kékeré méjì ni a fi ń ra márùn-ún. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú àwo tòmátì rí yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìkarùn-ún, èènì ni. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Nípa èyí tí a fi ṣe èènì yẹn gan-an ni Olúwa sì ti sọ pé Ọlọ́run kò gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, ìlérí tí a ṣe fún wa kì í ṣe pé òtútù kò ní pa ẹyẹ. Ó pa wọ́n ní 1963, yóò sì tún pa òmíràn. Bí Ọlọ́run ṣe ń bọ́ wọn kò yàtọ̀ sí bí ó ṣe dá ayé: ó fún ẹyẹ ní ìyẹ́, ó fún un ní ọgbọ́n, ó fún un ní ìjàkadì. Bóyá ó tún fún un ní aládùúgbò tí ó ní èérún búrẹ́dì nílé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn wá.

Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra níbí yìí, nítorí àwọn oníwàásù a máa yára kọjá rẹ̀. Olúwa kò pàṣẹ fún wa láti bọ́ ẹyẹ igbó. Ohun tí ó ní kí a ṣe ni pé kí a wò wọ́n, kí a kíyèsí wọn. Ìwé Òwe sọ pé olódodo a máa ka ẹ̀mí ẹran rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ ni ó wí: màlúù tí ó so mọ́lẹ̀, ewúrẹ́ tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́. Ẹni tí ó so ẹran mọ́lẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè koríko. Ta ni ó jẹ ẹyẹ orí igi ní gbèsè? Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi bíbọ́ ẹyẹ ṣe òfin lé ẹlòmíràn lórí. Ẹni tí kò ṣe é kò dẹ́ṣẹ̀.

Kì í sì í ṣe láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni àwọn ará Ìlú Ọba ti ń ṣàánú ẹyẹ. Ṣáájú ọdún 1900, ṣe ni wọ́n ń pa ẹyẹ ní ìpakúpa láti fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí fìlà àwọn obìnrin. Obìnrin kan, Emily Williamson, ni ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní Didsbury, ní ẹ̀bá Manchester, ní ọdún 1889 láti dìde sí ìwà yìí. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláàbò ẹyẹ tí a mọ̀ sí RSPB ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà òtútù líle ti 1890 sí 1891, àwọn ìwé ìròyìn bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gbé oúnjẹ síta fún ẹyẹ. Nígbà tí ó fi máa di 1910, Punch, ìwé ìròyìn aláwàdà, kọ ọ́ pé bíbọ́ ẹyẹ ti di fàájì gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìran kan ṣoṣo ni ó rí ìyípadà yìí. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìwà ènìyàn kì í yí padà.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà mìíràn ni a gbà ń wo ẹyẹ. Oko ni a ti ń wò ó, pẹ̀lú kànnàkànnà lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀gà bá ti jẹ àgbàdo rẹ̀ tán, tàbí tí ó ti jókòó láti àfẹ̀mọ́júmọ́ láti lé ẹyẹ ní oko ìrẹsì, kì yóò rẹ́rìn-ín sí ẹyẹ tí ó bà sí ojú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí a wo màmá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tọ́jú ìkókó ní London. Ó yọjú láti fèrèsé, ó rí bàbá òyìnbó arúgbó ilé kejì tí ó ń so àpò ẹ̀pà kọ́ sórí igi nínú òjò dídì. “Ẹ̀pà, ọmọ mi? Ẹ̀pà tí ènìyàn lè fi mu gààrí?” Ọmọ rẹ̀ ní, “Àwọn ẹyẹ ni wọ́n ń bọ́, Màmá.” “Wọ́n bọ́ wọn sanra, kí wọ́n tó ṣe kí ni?” “Kò sí, Màmá. Wọ́n kàn ń wò wọ́n ni.”

Màmá yìí kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Ìjọba Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ti gba ẹjọ́ rẹ̀ rò rí. Nígbà ogun Hitler, nígbà tí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì ń rì ọkọ̀ tí ó ń kó àlìkámà bọ̀, òfin dé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ ènìyàn ṣòfò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1943, ní Barnet, ní ẹ̀bá London, wọ́n bu owó ìtanràn £10 lé obìnrin kan lórí nítorí pé wọ́n ju búrẹ́dì fún ẹyẹ nínú ọgbà rẹ̀. £10 kì í ṣe owó kékeré nígbà náà. Àwọn atukọ̀ ń kú sínú òkun kí búrẹ́dì yẹn tó dé. Àwọn ẹyẹ náà sì ń kú lójú fèrèsé rẹ̀. Bí ẹ bá wà lórí àga adájọ́, báwo ni ẹ ó ti dá a? Ní tèmi, mo rò pé adájọ́ náà ṣe ohun tí ó tọ́, mo sì rò pé obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ṣeé ṣe kí ohun méjèèjì jẹ́ òtítọ́.

Nísinsìnyí tí kò sí ogun ní ilẹ̀ náà, ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí ó le ju ti ogun lọ. Ẹyẹ jẹ́ tálákà tí ó rọrùn láti ràn lọ́wọ́. Kì í kan ìlẹ̀kùn ní òru. Kì í béèrè owó ilé ìwé ọmọ. Kì í sọ fún ni pé èyí tí a fún òun ní àná kò tó. Ó jẹun tán, ó fò lọ, a sì rò pé a ti ṣàánú. Ní Ìlú Ọba kan náà, àwọn arúgbó wà tí òtútù ń mú nínú yàrá wọn nítorí pé owó iná ti wọ́n. Òmíràn tilẹ̀ ń kú. Ṣé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn mọ iye ẹyẹ tí ń bẹ nínú ọgbà rẹ̀, kí ó má sì mọ̀ bóyá ìyá arúgbó òkè àjà ti dáná láti ọjọ́ mẹ́ta? Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé nítorí èyí kí a dẹ́kun bíbọ́ ẹyẹ. Ẹ̀wọ̀n ẹ̀pà kan kì í san owó iná arúgbó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ tálákà dá ẹlòmíràn lẹ́kun àánú kékeré, ẹ wò wọ́n dáadáa, wọn kì í ṣe ti ńlá náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí jù lọ ni ti ìpalára. A máa ń rò pé bí ọkàn bá ti mọ́, ọwọ́ kò lè ṣìṣe. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹyẹ greenfinch, ẹyẹ aláwọ̀ ewé tí ó fẹ́ràn láti jẹ irúgbìn lórí tábìlì tí ènìyàn gbé síta. Ní ọdún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Ìlú Ọba pé àrùn kan tí ó ti ń ṣe ẹyẹlé tipẹ́ ti ràn mọ́ irú ẹyẹ yìí. Kòkòrò àìfojúrí ni, inú ọ̀fun ni ó ń gbé. Ẹyẹ tí ó mú kò lè gbé oúnjẹ mì. Yóò pọ̀ ọ́ jáde pẹ̀lú itọ́ sórí tábìlì, èyí tí ó tẹ̀lé e yóò sì ṣà á jẹ. Greenfinch kú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2021 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn ẹyẹ tí ewu wọn pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ náà. Tábìlì tí a fi àánú tẹ́ di ibi tí ikú ti ń ràn. Ta ni ó jẹ̀bi? Ẹni tí ó da oúnjẹ síta tí ó padà sínú ilé, tí kò wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ mọ́, tí kò sì fọ tábìlì láti oṣù méjì.

Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kì í ṣe lásán ni Olúwa fi ní kí a wò wọ́n. Alákàn fi ojú ṣọ́ orí ara rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe oore gbọ́dọ̀ fi ojú ṣọ́ orí ẹlòmíràn. Ẹni tí ń wo ẹyẹ ni yóò rí i pé ọ̀kan ti wú ìyẹ́ sókè tí kò lè fò, tí yóò sì kó oúnjẹ kúrò fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè tú ká. Òun ni yóò fọ ohun èlò náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, tí yóò sì máa gbé e kúrò lójú kan. Òun ni yóò mọ̀ pé omi mímu ṣọ̀wọ́n bí oúnjẹ nígbà tí gbogbo nǹkan bá dì. Kì yóò fún wọn ní ohun oníyọ̀, nítorí iyọ̀ a máa pa wọ́n. Kì yóò da ẹ̀pà tí ó ti bàjẹ́ fún wọn pé ẹyẹ ṣáà ni. Oró inú ẹ̀pà tí ó hu, tí ó lè ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, a máa pa ẹyẹ kíákíá. Mo dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yìí nítorí pé bí a ṣe ń ṣe sí ènìyàn náà nìyẹn. Aṣọ tí a kò lè wọ̀ mọ́, oúnjẹ tí ó ti fẹ́ kan, ni a máa ń kó lọ fún aláìní, a ó sì retí ọpẹ́.

Wíwò yìí náà ni ó ń fi hàn wá pé oore wa lọ jìnnà ju ojú wa lọ. Ẹyẹ blackcap kan wà tí ń pamọ ní Jámánì àti Ọ́síríà. Ìhà Sípéènì ni ó yẹ kí àwọn wọ̀nyí máa sá lọ nígbà òtútù. Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, àwọn kan nínú wọn yí ọ̀nà padà, wọ́n ń wá sí Ìlú Ọba, oúnjẹ inú ọgbà àwọn ènìyàn sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n lè yè níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn a máa jogún ọ̀nà tuntun náà láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn. Ìyá àgbà kan so ọ̀rá kọ́ sórí igi nítorí pé àánú ẹyẹ ṣe é. Kò mọ̀ pé òun ń yí ọ̀nà ẹyẹ padà láti ìran dé ìran.

Láti ọdún 1979 ni RSPB ti ń ṣe ìkaye ẹyẹ ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù Kìíní. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ pè sí i. Ìlànà rẹ̀ rọrùn: jókòó fún wákàtí kan, kọ iye tí ó pọ̀ jù lọ tí o rí lẹ́ẹ̀kan náà nínú irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí o má bàa ka ẹyẹ kan ṣoṣo nígbà mẹ́wàá. (Ìkànìyàn tiwa ìbá jẹ́ gba ìlànà yìí!) Nípa kíkà báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ológoṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn rò pé kò lè tán láéláé, kò tó ìdajì iye tí àwọn ọmọ yẹn ń rí nínú ọgbà ní 1979 mọ́. Ẹyẹ tí a fi ń ṣe èènì ni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kà á, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ pé ó ń lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ wren. Àwọn tí wọ́n da èérún búrẹ́dì síta ní 1963 kò gbà á là. Kòkòrò ni ó ń jẹ, kì í sì í sábà wá sórí tábìlì. Lẹ́yìn òtútù yẹn, àwọn díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù bí sí i, wọ́n sì rẹ̀ sí i. Lónìí, wren ni ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ẹyẹ tí ń pamọ ní Ìlú Ọba. A kò lè sọ pé oúnjẹ wa ni ó ṣe é. Ohun tí ó ń ṣe nígbà òtútù ni pé, òun tí ó jẹ́ oníjà tí kì í fẹ́ rí ẹnìkejì rẹ̀ lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú a wá ihò kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa wọlé tẹ̀ lé e, wọn a gbé ara lé ara wọn kí ooru lè wà. Ní ọdún 1969, ní Norfolk, wọ́n wọ inú àpótí onípákó kékeré kan tí ènìyàn kàn mọ́ ara igi fún ẹyẹ láti yé sí. Ẹnì kan ka iye wọn: 61 ni.